Pípa Iná Ni Iṣẹ́ Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Súwíìṣì fún Sìgá Oníbátìrì Àtọwọ́ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní ayé àtijọ́ tí ó jẹ́ pé koríko ni a fi ń bo ilé, kò sí ẹni tí òwe yìí ṣókùnkùn sí. Lóde òní, páànù ti gba ipò koríko, ṣùgbọ́n iná kò kúrò lára ọmọ ènìyàn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ti bọ́ sínú àpò ṣòkòtò. Bátìrì tí ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì, nínú fóònù àti nínú sìgá tuntun tí kò lo ìṣáná, iná ni. Nínú sìgá tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ohun tí ó dúró láàrin iná yìí àti itan ẹni tí ó gbé e sápò kò ju súwíìṣì kékeré kan lọ. Lórí súwíìṣì yẹn ni ọ̀rọ̀ òní dá lé: báwo ni ó ṣe yẹ kí ẹni tí ó ń kan sìgá oníbátìrì fúnra rẹ̀ yan súwíìṣì tí yóò fi sí i?

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ará Òkè-Ògùn nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó kàn wọ́n gidigidi. Ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, tí ó gba Òkèehò àti Àgó-Àrẹ kọjá lọ sí Ṣakí àti Ìgbòho, ilẹ̀ tábà ni. Tábà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ adúláwọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn oníṣòwò ará Pọtogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kò pẹ́ tí ó fi wọ ara àṣà. Àwọn kan ń lọ̀ ọ́ ní aáṣáà, àwọn mìíràn ń fi ìkòkò amọ̀ mu ún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sìgá dé Ìbàdàn ní ọdún 1937, tí a sì dá Nigerian Tobacco Company sílẹ̀ ní ọdún 1951, ewé tábà di ohun tí àgbẹ̀ ń gbìn tà fún ilé iṣẹ́, Ìsẹ́yìn sì di ojúkò iṣẹ́ náà ní ìhà Òkè-Ògùn.

Àwọn tí ó ń gbin irú tábà tí a ń pè ní Fájíníà mọ ohun kan nípa iná tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn kọ́ lọ́wọ́ wọn. Inú abà tí a fi iná mú gbóná ni wọ́n ti ń gbẹ ewé rẹ̀. Ooru abà náà kò gbọdọ̀ ga lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń gbé e sókè fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, láti ìwọ̀n bí 35 títí dé ìwọ̀n bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó ń ṣọ́ abà kò gbọdọ̀ sùn lọ, nítorí pé bí ewé gbígbẹ kan bá já bọ́ sórí irin gbígbóná, abà àti làálàá ọdún kan lè jóná pọ̀ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Dídá iná kò ṣòro fún àgbẹ̀ tábà. Dídá a dúró ní àkókò tí ó yẹ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Láti inú ìkòkò amọ̀ bọ́ sínú sìgá oníbátìrì, ọ̀nà jìn díẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Herbert Gilbert, béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí sìgá tí kò ní tábà, tí kò sì ní èéfín, ní ọdún 1963, ó sì rí i gbà ní ọdún 1965; ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò tàn ká ọjà. Hon Lik, apoògùn ará Ṣáínà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ amusìgá, ni ó ṣe irú èyí tí ó tàn ká ayé, láàrin ọdún 2003 sí 2004. Bátìrì àwọn àkọ́ṣe wọ̀nyí kéré, wọ́n sì ń tètè kú. Nítorí náà, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tú tọ́ọ̀ṣì palẹ̀, wọ́n ń fi bátìrì tí ó tóbi jù sínú rẹ̀, wọ́n sì ń wá súwíìṣì mìíràn sí i. Báyìí ni àṣà kíkan sìgá oníbátìrì fúnra ẹni ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò tí àwọn ará òkèèrè wọ̀nyí lò kò ṣàjèjì ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn. Níbi tí iná ìjọba kì í ti í dúró pẹ́, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ kì í dilẹ̀ lára bátìrì. Bátìrì roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 18, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 65, ni a ń yọ nínú kọ̀ǹpútà tí ó ti bàjẹ́. Òun náà ni a fi ń kan àtùpà ilé àti tọ́ọ̀ṣì tí ọdẹ ń dè mọ́ orí. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń kan àtùpà bẹ́ẹ̀ kò ní í pẹ́ mọ bí a ti ń kan sìgá oníbátìrì. Wáyà tín-ínrín kan tí a lọ́ bí ẹ̀ka ewéko, òwú tí ó mu omi olóòórùn, bátìrì, àti súwíìṣì: kò ju ìwọ̀nyí lọ. Nígbà tí a bá tẹ súwíìṣì, wáyà náà á gbóná, omi inú òwú á di oruku, ẹni náà á sì fà á símú.

Kí ó tó di pé a wọ inú ọ̀rọ̀ súwíìṣì gan-an, ó yẹ kí ohun kan yé gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe ìpolówó sìgá ni ọ̀rọ̀ yìí. Omi tí wọ́n ń dà sí i sábà máa ń ní nikotíìnì nínú, èyí tí í máa sọ ènìyàn di ẹrú. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 2019 sí oṣù kejì ọdún 2020, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn bàjẹ́ nípa fífa irú oruku bẹ́ẹ̀, tí wọ́n dé ilé ìwòsàn tàbí tí wọ́n kú, jẹ́ 2,807. Àwọn tí ó kú nínú wọn jẹ́ 68. Òróró fítámì E tí wọ́n pò mọ́ omi igbó tí a rà ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi púpọ̀ nínú rẹ̀ rù. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2015 lórí tábà ka títa tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 léèwọ̀. Ẹni tí kò bá mu sìgá rárá ni ó gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó ti pinnu láti kan nǹkan yóò kàn án, yálà àgbà sọ̀rọ̀ tàbí àgbà dákẹ́. Bí àgbà bá sì dákẹ́, ohun tí kò mọ̀ ni yóò jó o.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan fún wa níhìn-ín. Yorùbá a máa tan iná, a sì máa pa iná. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún pípa ẹran àti pípa ọ̀tá ni a ń lò fún pípa iná, bí ẹni pé ohun abẹ̀mí ni, tí ó lè jí padà bí a kò bá pa á tán. Ẹni tí ó lọ ra súwíìṣì ní ọjà a tẹ̀ ẹ́ wò. Bí iná bá tàn, a sanwó, a gbé e lọ. Ṣùgbọ́n títan kò gba ọgbọ́n kankan. Wáyà méjì tí a fi ẹnu wọn kò tó láti tan iná. Kí iná lè kú nígbà tí a bá fẹ́ kí ó kú, kí ó sì kú pátápátá, ni a ṣe ń ra súwíìṣì. Pípa iná ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá di èyí mú, gbogbo ohun tí ó kù nípa yíyàn rẹ̀ yóò tẹ̀lé e bí òwú ti ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi súwíìṣì ni pé: bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ ńkọ́? Oríṣi méjì ni ó wà lórí àtẹ. Èkíní ni èyí tí a ń tẹ̀ tí a sì ń fi sílẹ̀, irú èyí tí ó wà lára ògiri ilé. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ó tàn títí di ìgbà tí a bá tún padà wá tẹ̀ ẹ́. A lè pè é ní àtẹ̀fisílẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó jẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá wà lórí rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, bíi bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà. Bí ọwọ́ bá ti kúrò, sípíríǹgì inú rẹ̀ á tì í padà, iná á sì kú. Èyí ni a lè pè ní àtẹ̀dìmú.

Ẹni tí ó bá ti dé àgbẹ̀dẹ rí mọ ìdí tí àtẹ̀dìmú fi yẹ. Ọmọ iṣẹ́ ni ó ń fi ẹwìrì fínná. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí ẹwìrì, ẹ̀yinná á pọ́n. Bí oorun bá gbé e, tàbí bí ẹnìkan bá pè é síta, ọwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ dúró, iná sì rọlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní láti rántí kí ó tó lọ silẹ̀. Ìgbàgbé gan-an ni ó ń dá a dúró. Wáyà inú sìgá oníbátìrì kò nílò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi àtẹ̀fisílẹ̀ sí i, tí ẹni tí ó ni ín sì gbàgbé, òwú á jó, wáyà á máa pọ́n lọ, bátìrì á sì máa gbóná nínú àpò. Nítorí náà, àtẹ̀dìmú ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀. Àtẹ̀fisílẹ̀ ní ààyè tirẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ohun kejì ni ẹrù tí súwíìṣì yóò gbé. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé ẹrù iná kì í hàn sí ojú. Kí a fi omi ṣe àkàwé. Bí àgbá omi bá ṣe ga tó ni ipá tí omi fi ń tì ṣe pọ̀ tó. Fóòtì ni òṣùwọ̀n irú ipá yìí nínú iná. Bí ọ̀pá omi bá ṣe há tó ni ìdènà ṣe pọ̀ tó. Ómù ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Omi tí ó wá ń kọjá gan-an ni ìṣàn. Áńpíà ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Georg Ohm, ará Jámánì tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ìdènà, fi hàn nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1827 bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so kọ́ra: bí a bá fi ómù pín fóòtì, áńpíà ni yóò jáde.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣakí lọ́ wáyà tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ ómù kan àti ààbọ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó kún jẹ́ fóòtì 4.2. Kí ó fi 1.5 pín 4.2, yóò rí áńpíà 2.8. Ẹrù yìí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé oruku rẹ̀ kò nípọn tó, ó sì lọ́ wáyà mìíràn tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ ómù. Ìṣàn náà fò sókè di áńpíà 8.4, agbára tí ó ń jó sì tó wáàtì 35. Bátìrì kò yí padà, súwíìṣì kò sì yí padà. Wáyà nìkan ni ó yí padà, ẹrù sì di ìlọ́po mẹ́ta. Bí ó bá tún to bátìrì méjì tẹ̀lé ara wọn kí ipá lè pọ̀ sí i, fóòtì á di 8.4, ìṣàn á sì di áńpíà 16.8. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń kúrò nínú ẹrù tí ọmọdé lè rù bọ́ sínú ẹrù tí ó ń ṣẹ́ni lọ́rùn, láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé òun ti ṣí nípò.

Wàyí o, kí a wo bọ́tìnnì kékeré aláwọ̀ dúdú tí a ń yọ lára rédíò àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àtijọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni a ṣe fún áńpíà 0.05 péré, lábẹ́ fóòtì 12. Ẹni tí ó bá fi irú rẹ̀ pa áńpíà 8.4 ti di ẹrù ìlọ́po 168 lé e lórí. Yóò tan o. Kò sí iyè méjì. Ṣùgbọ́n pípa ńkọ́? Nígbà tí irin méjì tí ó fẹnu kanra nínú súwíìṣì bá fẹ́ pínyà, iná a máa ta pàrà láàrin wọn. Bí ẹrù bá wúwo, ojú irin méjèèjì á yọ́ díẹ̀, wọn á sì lẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tí alurinmọ́rin bá lu irin pọ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí ọwọ́ tilẹ̀ kúrò, iná kò ní í kú. Súwíìṣì ti di wáyà lásán.

Àwọn kan á sọ pé súwíìṣì àwọn kì í ṣe kékeré, nítorí a kọ áńpíà 6 àti fóòtì 250 sí i lára. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ka ìyókù ohun tí a kọ. Iná ilé, èyí tí ó ń ti ibùdó ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ wá, ni wọ́n kọ ìwọ̀n yẹn fún. Iná ilé ń lọ ó ń bọ̀. Ní Nàìjíríà, ìgbà 100 ni ó ń kú láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan bí ó ti ń yí ojú padà. Bí ó bá ta pàrà nínú súwíìṣì, ìkú rẹ̀ tí ó kàn á pa pàrà náà. Iná bátìrì kò mọ ìyípadà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń ṣàn sí, bí pàrà rẹ̀ bá sì ti gbé sókè, kò sí ohun tí ó ń gé e. Ní tòótọ́, ní fóòtì kékeré bíi ti bátìrì kan, pàrà náà kì í gùn. Ṣùgbọ́n ojú irin ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n tí a kọ fún iná bátìrì ni kí ènìyàn wá lára súwíìṣì. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe é kò ṣèlérí kankan fún òun. Bí ó bá sì wà níbẹ̀, kí ó mú èyí tí ó lè gbé ẹrù ju ti òun lọ dáadáa, kí ààyè lè ṣẹ́ kù.

Ohun kẹta ni ìdènà tí súwíìṣì fúnra rẹ̀ ń mú wá. Súwíìṣì tí ó dára kò yẹ kí ó dènà nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú irin tí ó ti dọ̀tí tàbí tí pàrà ti jẹ a máa dènà. Bí ìdènà náà kò bá ju ómù 0.05 lọ, ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Kí a wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wáyà ààbọ̀ ómù ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí: ìdènà méjèèjì papọ̀ di 0.55, ìṣàn á di nǹkan bí áńpíà 7.6, ooru tí yóò sì máa jáde nínú súwíìṣì nìkan á tó nǹkan bí wáàtì mẹ́ta. Wáàtì mẹ́ta nínú ohun tí kò ju èékánná lọ á mú kí ike inú rẹ̀ rọ̀, á sì mú kí sípíríǹgì rẹ̀ dẹ̀. Sípíríǹgì tí ó bá sì dẹ̀ kò lè ti bọ́tìnnì padà mọ́. Ará ilẹ̀ ọ̀dàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ọyẹ́. Láti oṣù kejìlá lọ, eruku ọyẹ́ á wọ inú àpótí, á wọ inú aṣọ, á sì wọ inú súwíìṣì tí kò ní ìbòrí. Súwíìṣì tí a dé ẹnu rẹ̀ pa ni ó yẹ ní Òkè-Ògùn.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè gba ẹrù kúrò lórí bọ́tìnnì pátápátá. Ohun èlò kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní MOSFET. Ìṣàn ńlá a máa gba ẹsẹ̀ méjì rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ kẹta ni ó ń gba àṣẹ. Bí a bá fi fóòtì bátìrì kan ẹsẹ̀ kẹta yìí, ọ̀nà á ṣí. Bí a bá mú un kúrò, ọ̀nà á tì. Ọba kì í dìde lọ ti ilẹ̀kùn ẹnubodè fúnra rẹ̀. Oníbodè ni ó ń rán. Bọ́tìnnì kékeré tí kò lè gbé áńpíà kan á wá máa ránṣẹ́ sí oníbodè tí ó lè gbé ogún. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn yan èyí tí ó lè ṣí tán pátápátá lábẹ́ fóòtì kékeré, nítorí bí bátìrì bá ti ń rẹ̀ tí ó lọ sílẹ̀ sí bíi fóòtì 3.2, MOSFET tí ó bá ṣí ní àbọ̀ á máa gbóná gidigidi.

Nínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, títan kò ní wàhálà. Pípa ni ó ní ìṣòro. Bí a bá mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, àṣẹ tí ó ti dé ẹsẹ̀ kẹta lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, bí omi tí ó kù nísàlẹ̀ ife. Ọ̀nà á sì wà ní ṣíṣí láìsí ọwọ́ kankan lórí bọ́tìnnì. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe gbọ́dọ̀ fi ohun ìdènà kan, tí ó tó bíi ómù 10,000, so ẹsẹ̀ kẹta mọ́ ojú òdì bátìrì, kí ìyókù àṣẹ náà lè ṣàn lọ ní kíá. Owó tí a ń rà á kò tó nǹkan. Àwọn tí ó ń kánjú a sì máa fò ó, nítorí pé láìsí i, iná á ṣì tàn.

Oníbodè pàápàá lè kú sẹ́nu iṣẹ́. Bí MOSFET bá bàjẹ́, nígbà púpọ̀ ó máa ń bàjẹ́ sí ṣíṣí ni, kì í bàjẹ́ sí títì. Àwọn kan á ní fíùsì yóò gbà wọ́n. Fíùsì dára, kò sì yẹ kí nǹkan oníbátìrì wà láìní i, nítorí pé bí wáyà bá kanra wọn lódì, òun ni yóò já. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá kọ̀ tí kò tì, ìṣàn tí ó ń kọjá kò ju áńpíà 8.4 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fíùsì áńpíà 10 yóò máa wò ó níran ni. Ibí yìí ni àtẹ̀fisílẹ̀ ti rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Kí a fi ọ̀kan tí ó lè gbé gbogbo ẹrù sí ìdí bátìrì, kí ó jẹ́ ẹnubodè àkọ́kọ́. Nígbà tí a bá fẹ́ gbé nǹkan náà sápò, òun ni a ó pa. Bí kò bá sí i, kí a yọ bátìrì kúrò. Bọ́tìnnì náà kò sì gbọdọ̀ yọ síta. Kí ó rì wọ inú díẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ àti owó inú àpò má baà tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, kí a dán pípa wò kí a tó dán títan wò. Kí a kọ́kọ́ fi mítà wo súwíìṣì láìsí bátìrì: bí a bá tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀nà ṣí; bí a bá fi sílẹ̀, kí ọ̀nà tì pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí a fi bátìrì sí i, kí a tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 50, kí ọwọ́ máa sinmi láàrin, kí a sì fi ìka kan ara súwíìṣì. Bí ó bá gbóná, ẹrù ti wúwo jù fún un. Kí a yọ ọ́.

Àwíjàre tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ni pé àwọn ti ń lo tiwọn láti oṣù mẹ́ta, kò sì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò mú ọgbọ́n dání. Pàrà kì í jẹ ojú irin tán ní ọjọ́ kan. Ìtẹ̀kítẹ̀ ń mú díẹ̀ lọ níbẹ̀ ni, bí ikán ti ń jẹ òpó ilé. Ọjọ́ tí òpó bá wó ni ojú ń rí, kì í ṣe ọjọ́ tí ikán wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkùnrin kan kú ní ìpínlẹ̀ Florida nígbà tí sìgá oníbátìrì bú gbàmù mọ́ ọn lójú; ní oṣù kìíní ọdún 2019, òmíràn kú ní ìpínlẹ̀ Texas nígbà tí àfọ́kù irú rẹ̀ gé iṣan ọrùn rẹ̀. Ilé àti ilé ìwòsàn tí ó tó ènìyàn wà nítòsí àwọn wọ̀nyí. Kí a wá fojú inú wo ẹni tí tirẹ̀ gbiná ní inú oko ní oṣù kejì, tí koríko ti gbẹ láti Ìgbòho títí dé etí igbó Ọ̀yọ́-Ilé. Kì í ṣe itan rẹ̀ nìkan ni yóò jó. Oko aládùúgbò rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, àká iṣu ń bẹ níbẹ̀, gáà àwọn darandaran sì ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wá kù sí lọ́wọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, ètò náà sì yọrí sí rere. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ òfin Ohm sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè yege nínú ìdánwò lè máà rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá mú lẹ́ẹ̀dì àti wáyà dání nílé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀ pé ìṣàn yìí ju ohun tí súwíìṣì yìí lè pa lọ, yóò dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀kọ́ kan náà ni yóò lò fún àtùpà ìyá rẹ̀, fún tọ́ọ̀ṣì orí baba rẹ̀ tí ó jẹ́ ọdẹ, àti fún ẹ̀rọ oníbátìrì tí wọ́n fi ń fín oògùn sí oko. Bí ó bá sì ti ara ìṣirò yìí rí i pé fífa oruku kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ gbé iná sápò, tí ó sì pa gbogbo rẹ̀ tì, èrè ọ̀rọ̀ yìí di méjì.

Nígbà tí abà tábà bá ń gbóná ní Ìsẹ́yìn, ẹnìkan ní láti jókòó tì í ní òru. Súwíìṣì ni ẹni tí a fi jókòó ti iná inú àpò. Kí a má ṣe fi ẹni tí oorun ń kùn ṣọ́ abà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. A kò sì gbọdọ̀ fi í sápò rìn láìmọ̀ bí yóò ṣe kú.